Ọ̀rọ̀ Méje Tí Akawu Pààrọ̀

Ohùn àkọ́kọ́ tí Olúkọ́lá rántí láyé kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Táípúráítà bàbá rẹ̀ ni. Kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn nínú ilé wọn ní Laranto, ní ìlú Jos, bàbá á sì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, á máa fi ìka méjì gbá a: ta-ta-ta, ta-ta, ta-ta-ta-ta. Bí ìlà bá ti dé òpin, agogo kékeré inú rẹ̀ á dún, gán-ín. Bàbá á fa irin padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kì í sùn bí kò bá tíì gbọ́ agogo yẹn.

Bàbá náà ń jẹ́ Ọlábọ̀dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá àwọn ẹni tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà: sí kóòtù, sí ìjọba, sí onílé, sí ọmọ tó lọ sí òkè òkun tí kò ránṣẹ́ sílé mọ́. Wọ́n á wá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, wọ́n á fi Hausa sọ tẹnu wọn tàbí kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́, òun á sì máa tẹ̀ ẹ́ lédè òyìnbó. Bó bá parí, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé títí òun yóò fi kà á padà fún un ní èdè tó fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Kì í ṣe kí ẹni náà kàn mi orí. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé, "Ẹnu mi nìyẹn." Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, bàbá á tún un kà.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Olúkọ́lá nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kọ́ ọ ní àwọn ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ilé han ọmọ: èyí mú, èyí kò mú, èyí má ṣe fọwọ́ kàn án. "Said" jẹ́ abọ́ funfun, bàbá ní, kò fi iyọ̀ kún ohun tí wọ́n bù sínú rẹ̀. "State" wọ aṣọ àgbà. "Claim" ń ṣẹ́jú sí ẹni tó ń kàwé pé kí ó má gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. "Allege" dúró lókèèrè, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kan òun láṣọ. "Admit" ló mú jù nínú gbogbo wọn. Bí o bá fi í síwájú ọ̀rọ̀ ènìyàn, o ti de ọwọ́ onítọ̀hún sẹ́yìn kí adájọ́ tó jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni bàbá lò ó nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ṣì ń ro ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá kú. Táípúráítà dípẹtà, wọ́n gbé e sábẹ́ ibùsùn. Olúkọ́lá di tíṣà, ó fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ní gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé aládàáni kan, títí ilé-ìwé náà fi kógbá sílé. Kò sí ẹni tó dá a lọ́lá nígbà tó ń lọ. Ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé jáde, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Laranto, kò jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ wọn lọ sí Kaduna láti bá a tọ́ ọmọ tuntun, ọmọ tuntun náà sì ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, ìyàwó kò tíì padà. Olúkọ́lá pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Àwọn èèyàn ń pè é ní Akawu, bí àwọn Hausa ṣe ń pe akọ̀wé, orúkọ tí wọ́n ti ń pe bàbá rẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún tó ṣí ṣọ́ọ̀bù yẹn ni àwọn onípákó ọgbà kan ní Katako, ọjà pákó ìlú náà, mú un ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn.

Ṣẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá ló wà nínú ọgbà náà. Èyí tó wà ní igun, tó dojú kọ títì, tí oníbàárà máa ń kọ́kọ́ rí, jẹ́ ti Kúbúrá. Ọkọ rẹ̀, Abdulsobur, àti Olúkọ́lá jọ dàgbà ní Laranto, wọ́n jọ jí máńgòrò, wọ́n jọ jẹ pàṣán nítorí rẹ̀. Ìlọrin ni Abdulsobur ti lọ fẹ́ Kúbúrá wá nígbà tí obìnrin náà wà lọ́mọ ogún ọdún. Nígbà tó kú, ọdún méjì sẹ́yìn, gbogbo ọgbà rò pé opó náà yóò ta pákó tó kù, yóò sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò lọ. Ó so téèpù ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì mọ arère yàtọ̀ sí afárá nípa òórùn rẹ̀ nìkan.

Alága ẹgbẹ́ ni ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Olúgbóyèga lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ga, tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí bàbá rẹ̀ wá láti Iléṣà. Òun nìkan ló ní ẹ̀rọ ìlapákó nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wà, kò rí títì. Ó máa ń sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ìyá Tohirat, ẹ jẹ́ ká wó ògiri àárín wa yìí, ká di ọ̀kan." Àwọn lébìrà á rẹ́rìn-ín. Kúbúrá á ní kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì bóyá àyè wà. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín alága kì í pẹ́ lẹ́nu.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, nínú ọyẹ́ tí ń la ètè, iná sọ nínú ọgbà náà lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Àárín ṣẹ́ẹ̀dì Kúbúrá àti ti alága ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀dì mẹ́rin jó. Kò sí ènìyàn tó kú. Ajá kan tó bímọ sábẹ́ pákó Kúbúrá kò jáde, wọ́n sì rí i lọ́jọ́ kejì bó ṣe yí ara rẹ̀ ká àwọn ọmọ náà, òun àti wọn ti di ohun kan.

Ẹni tó ni ilẹ̀ náà ń gbé ní Abuja, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ti wá sí Jos láti ìgbà pípẹ́. Ó fóònù alága. Ó ní kí wọ́n ṣe ìwádìí, kí wọ́n kọ ọ́ lédè òyìnbó, kí wọ́n fi ránṣẹ́, òun kò fẹ́ ìtàn. Ẹni tó bá fa iná náà, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ọgbà òun láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn yòókù lè tún ṣẹ́ẹ̀dì wọn kọ́.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ọgbà ti mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yóò lọ.

Alága ni ó jókòó ṣe alága ìwádìí náà. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó yẹ kí ẹni tí iná bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Wọ́n fi Alhaji Ùsmán tì í, bàbá arúgbó tí ọyẹ́ máa ń mú sùn, àti Olúkọ́lá, tó ń kọ̀wé. Wọ́n wé súwẹ́tà, wọ́n jókòó sórí pákó tí iná kò dé, òórùn eérú ṣì wà nínú gbogbo nǹkan.

Kúbúrá sọ tirẹ̀ ní Yorùbá, ó fi Hausa díẹ̀ kún un fún Alhaji. Ó ní òun dá iná sínú ìkòkò èédú, òun se omi àlùwàlá, òun se tíì fún àwọn lébìrà. Ó ní òun bu omi pa iná náà kí òun tó lọ sílé, òun sì fọwọ́ kan èédú náà láti rí i pé ó tutù. Ó ní bí òun ṣe ń lọ, òun rí wáyà ẹ̀rọ alága tó ń ta páápáá lára ògiri, òun sì sọ fún Najeem tó ń bá alága lo ẹ̀rọ náà. Lébìrà kan pariwo láti ẹ̀yìn pé ṣé shayi, tíì lásán, ló wá jó gbogbo wọn báyìí, haba. Ẹ̀rín bẹ́. Alhaji Ùsmán jí, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, wọ́n sọ fún un, òun náà rẹ́rìn-ín.

Najeem ní kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ wáyà fún òun. Ó ní ọ̀dọ̀ Kúbúrá ni òun ti rí èéfín. Alága fúnra rẹ̀ ní wọ́n ti pa ẹ̀rọ òun láti ọ̀sán. Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Kò tó wákàtí kan.

Olúkọ́lá kọ ìwé náà lọ́jọ́ kejì bí bàbá rẹ̀ ìbá ṣe kọ ọ́. "Said" ni gbogbo wọn. Kúbúrá "said", Najeem "said", alága "said". Ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Ó gbé e lọ fún alága, inú rẹ̀ sì dùn sí iṣẹ́ náà.

Alága kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba ìwé lọ́yà rí, ó mọ ìwé tó wọṣọ yàtọ̀ sí èyí tó wà níhòòhò. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà lọ sísàlẹ̀.

"Akawu, ìwé yìí kò léegun."

"Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ, sà."

"Mo rí i. Tibí sọ, tọ̀hún sọ. Bí ẹyẹ orí igi. Bàbá tó wà l'Abuja, èwo ni kí ó lé nínú àwọn ẹyẹ yìí?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ wọn padà ni?"

"Haba. Ṣé mo ní kí o purọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí. Mo ní kí o kọ ọ́ bí ọ̀mọ̀wé." Alága dá ìwé náà padà fún un, ó sì bá a gbọn eérú kúrò léjìká súwẹ́tà. "Ó sì ń dùn mí pé akọ̀wé wa kò ní ọ́fíìsì. Akọ̀wé tó ń rìn kiri bí lébìrà. Bí a bá ń tún ibí kọ́, igun tó dojú kọ títì yẹn yóò gba yàrá kékeré kan fún ọ. Àwọn tó ń kọjá á máa rí ọ."

Igun tó dojú kọ títì jẹ́ ti Kúbúrá. Olúkọ́lá mọ̀. Kò béèrè ibi tí Kúbúrá yóò wà nígbà náà. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Aago méjì ọ̀sán ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Laranto, ó gbé ife tíì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ méje péré ló pààrọ̀. Ibi tí Kúbúrá ti sọ pé òun dá iná, ó pa "said" rẹ́, ó tẹ "admitted". Ibi tó ti sọ pé òun pa á, "claimed". Ọ̀rọ̀ wáyà, "alleged". Pé òun sọ fún Najeem, "insisted", bí ọ̀rọ̀ olórí kunkun. Najeem tó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, "stated". Najeem tó rí èéfín, "confirmed", bí ẹni pé òtítọ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń dúró dè é kí ó wá fọwọ́ sí i. Alága kò sọ nǹkan kan mọ́: alága "explained", bí tíṣà níwájú bọ́ọ̀dù. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Nígbà tó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti di ìwé nípa obìnrin kan tó dá iná tó jó ọgbà, tó sì wá ń wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi náà rù. Tíì náà kò tíì tutù.

Ó lè má ka ìwé náà padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ kò béèrè. Ṣùgbọ́n àṣà bàbá rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ Ọlábọ̀dé fo àṣà. Ó kọ́kọ́ lọ bá Najeem. Ó kà á fún un ní Hausa. Najeem ń wo ilẹ̀, ó ń jẹ èékánná, ó bi í bóyá wọn yóò fi Kùránì búra lórí ìwé náà. Olúkọ́lá ní rárá. Najeem gba yíǹkì, ó tẹ̀ka kíá.

Lẹ́yìn náà ló lọ sílé Kúbúrá ní ìrọ̀lẹ́. Tohirat ọmọ rẹ̀ kò sí nílé, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Ìlọrin. Kúbúrá ń fọ aṣọ tí èéfín bàjẹ́. Ó nu ọwọ́, ó bu kùnú fún un nínú ife, ó ní kí ó má bínú pé kò tutù. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbá iborùn mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ wáàsí.

Olúkọ́lá ṣí ìwé. Yorùbá ní "jẹ́wọ́" fún "admitted". Ó ní "fẹ̀sùn kàn" fún "alleged". Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó fò wọ́n.

"Ẹ ní ẹ dá iná sínú ìkòkò èédú ní aago mẹ́ta," ó ní. "Ẹ ní ẹ bu omi pa á kí ẹ tó lọ. Ẹ ní ẹ rí wáyà tó ń ta páápáá lára ògiri. Ẹ ní ẹ sọ fún Najeem."

Kúbúrá ń mi orí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. "Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀," ó ní.

Olúkọ́lá fa báírò yọ, ó tún un ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ìlà, ó sì fọwọ́ sí àtúnṣe náà, pẹ̀lú sùúrù.

"Ẹnu mi gan-an nìyẹn, Bọ̀dá Kọ́lá." Ó na àtàǹpàkò rẹ̀, Olúkọ́lá fi yíǹkì kùn ún, ó sì bá a tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Obìnrin náà ṣàdúrà fún bàbá rẹ̀ tó kú. Ó ní bí gbogbo akọ̀wé bá rí bẹ́ẹ̀, ayé ìbá gún. Olúkọ́lá mu kùnú rẹ̀ tán kí ó tó dìde.

Èsì dé láti Abuja kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Alága pe gbogbo ọgbà jọ, ó sì kà á fún wọn ní Hausa. Bàbá onílẹ̀ ní nítorí pé obìnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kò sí ohun tí òun tún ń wádìí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kúbúrá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, bí ẹni tó rò pé obìnrin mìíràn ni wọ́n ń bá wí. Ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni òun jẹ́wọ́, kí ni òun jẹ́wọ́. Alága ní ìka rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Olúkọ́lá dúró lẹ́yìn alága, ó ń to àwọn ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Uwar Wuta, ìyá iná. Bí ó bá wọ inú ọgbà láti wá ṣa ìṣó tí iná kò yọ́, lébìrà kan á ké pé kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì o, òmíràn á sáré bu omi wọ́nlẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti mu tíì rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹlẹ́ja tó wà lójú ọ̀nà kò gbà pé kí ó dúró níwájú páálí òun, ó ní òun kò ní òmíràn tí iná lè jó. Kúbúrá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń ṣa ìṣó.

Tohirat gba ìsinmi, ó wọkọ̀ wá. Lọ́jọ́ kejì ó lọ gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ Alhaji Ùsmán, tó fún un torí pé kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òun àti ìyá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù Olúkọ́lá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, Hausa dán lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ló mú wá lọ́jọ́ yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó dìde.

"Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa," ó ní. "JS mẹ́ta. Ẹ fa ìlà sáàárín bọ́ọ̀dù. Ẹ ní bí a bá kọ 'claim' fún ènìyàn, a ti pè é ní òpùrọ́ láì bú u."

"O ṣì rántí." Inú Olúkọ́lá dùn lóòótọ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú gbogbo ọmọ tó kọ́, kò mọ̀ bóyá ẹni mẹ́ta rántí.

"Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Ẹ kọ 'ó dára' sí i." Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Ó ti fi báírò pupa yí ọ̀rọ̀ méjèèje ká.

Kúbúrá kò wo ìwé náà. Olúkọ́lá ló ń wò. "Bọ̀dá Kọ́lá, èmi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì," ó ní. "Ọjọ́ tí ẹ wá sílé mi, 'ẹ ní' lẹ kà fún mi. Ọmọ yìí ní 'ẹ jẹ́wọ́' ló wà níbẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni mo tẹ̀ka sí?"

"Nǹkan kan náà ni, Ìyá Tohirat. Àbí ẹ kò dá iná ni?"

"Mo dá iná."

"Ó tán nìyẹn."

"Mo pa á."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ yín kan tí mo yọ."

Tohirat ní kí ó kọ òmíràn. Ó ní ọ̀rọ̀ méje péré ni, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ó fi "said" sí gbogbo rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí bàbá l'Abuja, ọjọ́ mẹ́rìnlá kò tíì pé. Olúkọ́lá ní ìwé tó ti lọ ti lọ. Ó ní bí inú wọn kò bá dùn, kí wọ́n bi àtàǹpàkò léèrè.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ ìwé tí bàbá ọkọ mi fi gba àyè yẹn?" Kúbúrá ní. "Bàbá yín ni. Abdulsobur máa ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá yín kà á fún un kó tó jẹ́ kí ó tẹ̀ka."

Tohirat mú ìwé náà lórí tábìlì, ó ní òun yóò kọ tiwọn fúnra òun.

"Kọ ọ́ dáadáa," Olúkọ́lá ní. "Ṣọ́ àwọn kọ́mà rẹ. Ibẹ̀ lo ti máa ń ṣubú."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé. Kúbúrá yá ọmọlanke, ó kó ohun tó kù: abẹ́ ayùn ọkọ rẹ̀, àpótí ìjókòó kan, agolo ìṣó, ìkòkò èédú. Àwọn lébìrà ń tẹ̀lé ọmọlanke náà, wọ́n ń bú Uwar Wuta títí ó fi kọjá ìkóríta. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn káfíńtà alága ti wó ògiri àárín. Ṣẹ́ẹ̀dì alága dé títì. Ní igun rẹ̀ pátápátá, wọ́n fi pákó tuntun kan yàrá kékeré kan, tábìlì kan, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń kọjá ń rí Olúkọ́lá nínú rẹ̀. Wọ́n ń kí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Kúbúrá ti lọ ni àpò ìwé kan dé láti Abuja. Lẹ́tà Tohirat ló wà nínú rẹ̀, ojú ìwé méjì àti díẹ̀. Bàbá onílẹ̀ ti fi pẹ́ẹ̀nì kọ̀wé sókè rẹ̀ pé òun kì í ka lẹ́tà gígùn, pé ìwé gbogbo gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ akọ̀wé kọjá. Kí akọ̀wé kó o jọ sínú ìlà mẹ́rin fún òun. Bí ohun tuntun bá wà níbẹ̀, òun yóò dá ọ̀rọ̀ àyè náà dúró, òun yóò sì rán lọ́yà òun wá sí Jos.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni. Àwọn káfíńtà ti lọ kírun, ọgbà dákẹ́. Olúkọ́lá ka lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Said" ló wà nínú rẹ̀ káàkiri, kò sí iyọ̀ kankan. Kọ́mà kan ṣoṣo ló wà níbi tí kò yẹ. Ohun tuntun sì wà níbẹ̀, ní ojú ìwé kejì. Lébìrà kan tó ń jẹ́ Dávídì, tó ru pákó lọ́jọ́ iná náà, tó ti padà sílé ní Kuru láti ìgbà náà, sọ pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí Kúbúrá sọ ọ̀rọ̀ wáyà fún Najeem, pé Najeem ní òun ti gbọ́. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Tohirat kọ ọ́ gàdàgbà kí ó má ṣòro kà.

Olúkọ́lá wo nọ́ńbà náà. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó sì ní owó ìpè nínú. Ó fi fóònù náà tẹ lẹ́tà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà.

Ìlà kìn-ín-ní, ó kọ orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ìlà kejì, ó kọ pé ọmọ náà "alleged" pé lébìrà kan, tí kò sí nínú ọgbà mọ́, "claimed" pé òun fetí kọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó yọ orúkọ Dávídì, torí àyè kò gbà á. Ó yọ nọ́ńbà. Ìlà kẹta, ó kọ pé Najeem ti "stated" èyí tó yàtọ̀ sí i, ìka rẹ̀ sì wà ní àkọsílẹ̀. Ìlà kẹrin, ó kọ pé akọ̀wé kò rí ohun tuntun.

Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan, nínú. Kò sí ẹni tí yóò kà á fún. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fọwọ́ sí i, ó fi sítépúlà kàn án mọ́ iwájú lẹ́tà náà, ó kó méjèèjì sínú àpò ìwé, ó fi itọ́ lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Lẹ́búlẹ́bú pákó ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bó ṣe máa ń wọlé lójoojúmọ́. Ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn àga, ó gbá a láti ìdí tábìlì títí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró díẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dúdú láti ọjọ́ iná, tí ìgbálẹ̀ kò mú nǹkan kan kúrò. Ó gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kó ìdọ̀tí náà sínú garawa, ó sì lọ dà á nù.